Ọtí Tí Bàbá Fadékẹ́mi Kò Mu

Bí ènìyàn bá dé Agbowó ní nǹkan bí ọdún 1962, tí ó ní kí wọ́n fi ọkùnrin tí ó níwà pẹ̀lẹ́ jù lọ ní àdúgbò náà han òun, ilé Theophilus Adégbénró, ọ̀gá bíríkìlà, ni wọn yóò nawọ́ sí. Bí ó bá tún padà wá ní ọdún 1964, tí ó béèrè ọkùnrin tí kò nítìjú jù lọ, ilé yẹn kan náà ni wọn yóò tún nawọ́ sí. Ọkùnrin kan náà ni, orúkọ kan náà ni, ìyàwó kan náà ló sì ń se oúnjẹ fún un. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ni Morẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń rò títí orí fi ń fọ́ ọ, tí kò sì mọ ibi tí òun yóò ti dì í mú.

Ṣakí ni Theophilus ti wá. Àwọn Onítẹ̀bọmi ló tọ́ ọ dàgbà, wọ́n kọ́ ọ ní ìwé díẹ̀ àti ìtẹríba púpọ̀. Iṣẹ́ bíríkìlà ló wá kọ́ ní Ìbàdàn, nígbà tí ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé tuntun sí Bódìjà, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ ògiri ibẹ̀. Kì í pariwo mọ́ ọmọṣẹ́. Bí ògiri bá wọ́, yóò dúró tì í, yóò máa wò ó láìsọ̀rọ̀, títí ojú yóò fi ti ẹni tí ó mọ ọ́n, tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó o. Bí ó bá wà lórí kẹ̀kẹ́ tí ó rí àgbàlagbà lẹ́bàá ọ̀nà, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò ṣí fìlà, yóò dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, kí ó tó tún gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ máa lọ. Morẹ́nikẹ́, tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Ṣàngó, tí ó sì jẹ́ pé òun náà ló ń fọ aṣọ rẹ̀, a máa bá a wí nítorí ọṣẹ.

"Bàbá Fadékẹ́mi, ṣé ẹ̀yin àti eruku jọ mulẹ̀ ni?"

Òun a kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní ilé ìjọsìn, díákónì ni. Bí tọkọtaya bá jà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ, nítorí ó lè fetí sílẹ̀ títí ìjà yóò fi rẹ àwọn tí ń jà á. Ọtí kò kan ẹnu rẹ̀ rí, ìbáà ṣe ti ìbílẹ̀, ìbáà ṣe ti òyìnbó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní ọdún 1963, níbi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ń kọ́, ọ̀pá irin kan yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lókè, ó sì ba Theophilus níwájú orí. Ó ṣubú, ó dìde, ó fi apá nu ẹ̀jẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé símẹ́ńtì wá. Àwọn ọmọṣẹ́ ń pariwo pé ọkùnrin gidi ni ọ̀gá àwọn. Ó to búlọ́ọ̀kù díẹ̀ sí i, kí ó tó wó lulẹ̀ bí àpò gàrí. Ní ọsibítù, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì sùn lọ fún ọjọ́ púpọ̀ láìlajú. Morẹ́nikẹ́ jókòó tì í, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó ṣáà ti dá ọkọ òun padà fún òun, bí ó ti wù kí ó rí.

Àdúrà tí ó gbà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ọlọ́run sì gbà á. Theophilus lajú. Ó dárúkọ ìyàwó rẹ̀, ó dárúkọ àwọn ọmọ, ó béèrè bóyá wọ́n ti kan fèrèsé sí ilé yẹn. Morẹ́nikẹ́ jó láàárín àwọn nọ́ọ̀sì títí wọ́n fi ní kí ó lọ jó níta.

Ọjọ́ tí wọn yóò lọ sílé, Dókítà Akínbíyìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pẹ́ tí ó ti Ìlú Ọba dé, pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Màmá," ni ó wí, "ọgbẹ́ ti jinná, ṣùgbọ́n iwájú ọpọlọ wọn fara gbá a. Ibẹ̀ ló ń dá ènìyàn dúró. Ẹ mọ ìjánu kẹ̀kẹ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Bí ìjánu bá já, kẹ̀kẹ́ ṣì lè dé ọjà, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá pàdé lọ́nà ni yóò kọlù. Wọn á mọ ohun tí ó tọ́. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọn á sọ ọ́ fún yín láìṣì. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti wọ̀ wọ́n lójú, ọwọ́ wọn á ti débẹ̀ kí ọgbọ́n tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é."

Morẹ́nikẹ́ dúpẹ́. Ó yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó rí ọkọ rẹ̀ tí ó dé fìlà, tí ó jókòó ṣinṣin, tí ó ń ká aṣọ ìbora rẹ̀ bí ó ti máa ń ká a. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé àwọn dókítà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fẹ́ràn àsọdùn.

Adéróunmú, ẹ̀gbọ́n Theophilus, ló kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀. Ó ti Ṣakí wá kí àbúrò rẹ̀ kú ewu, ó gbé iṣu wá, ó gbé adìẹ wá. Theophilus dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ̀gbọ́n fà á dìde, ó dì mọ́ ọn, ó ń sunkún. Theophilus fa imú, ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu yín ń rùn o. Ẹ ò rún orín ni?"

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tí ó bá ti ojú ikú bọ̀ lè sọ ohun tí ó bá wù ú. Wọ́n gbé oúnjẹ wá. Morẹ́nikẹ́ ti fi ẹran tí ó tóbi jù síwájú ẹ̀gbọ́n, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Theophilus na ọwọ́, ó mú un kúrò nínú àwo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó jù ú sẹ́nu.

"Bàbá Fadékẹ́mi! Ti ẹ̀gbọ́n yín ni ẹran yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ó wí, ó ń jẹ ẹ́ lọ, "ti ẹ̀gbọ́n mi ni. Àgbà ló ń jẹ ẹran ńlá. Kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fọwọ́ kàn."

Kò sí àfojúdi lójú rẹ̀. Ńṣe ló ń mi orí bí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Morẹ́nikẹ́ wo ẹnu tí ń sọ òótọ́, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ń jẹ ẹran olóhun, kò mọ èyí tí ì bá gbà gbọ́ nínú méjèèjì.

Láti ọjọ́ náà, nǹkan ń dàrú sí i. Iṣẹ́ kò ṣe é ṣe mọ́. Ìmọ̀ ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, búlọ́ọ̀kù tí ó bá tò a gún régé, ṣùgbọ́n a máa fi ògiri sílẹ̀ láàbọ̀ kí ó máa tẹ̀lé ọkọ̀ tí ó kó yanrìn. Ẹnì kan ní Ring Road ní kí ó bá òun mọ ilé ìdáná, onílé náà sì lọ sí ọ́fíìsì. Nígbà tí ó dé, ògiri dára, ó mọ́ lójú, ṣùgbọ́n kò sí ojú ilẹ̀kùn. Theophilus ti mọ ọ́n dí, nítorí kò sí ẹni tí ó ní kí ó dúró. Wọ́n ní ṣé kò mọ̀ pé ilé gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀kùn ni? Ó ní òun mọ̀, ta ni yóò kọ́lé láìní ilẹ̀kùn? Báyìí ni àwọn tí ń gbé iṣẹ́ fún un ṣe ń dín kù, títí ó fi jẹ́ pé owó ìránṣọ nìkan ni ilé ń jẹ.

Ti ilé ìjọsìn ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, pásítọ̀ ń gbàdúrà, àdúrà náà sì gùn. Ó ti ti Ìbàdàn dé Jerúsálẹ́mù, ó sì dà bí ẹni pé ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn bọ̀. Theophilus dìde láàárín àwọn díákónì.

"Pásítọ̀, ó tó. Ebi ń pa wá."

Kí á má purọ́, àwọn tí ó ṣe àmín sí i nínú ikùn wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n inú ikùn ni. Ní òde ara, gbogbo ìjọ la ẹnu sílẹ̀, ojú sì gba Morẹ́nikẹ́ tì títí ó fi fi gèlè rẹ̀ bo iwájú orí.

Ẹ̀bẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ yìí kò fara sin. Bí ènìyàn bá ṣẹ àgbà, àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò mú un lọ, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jẹ̀bi, àgbà yóò sì gbà á ní ìmọ̀ràn, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ẹ̀bẹ̀ ẹ́ bẹ̀, ọmọlúwàbí ni. Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀ kiri ilé àwọn díákónì. Adéróunmú tún ti Ṣakí wá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n mú Theophilus dé iwájú àwọn àgbà ìjọ.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi àyà lélẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá mi," ni ó wí, "mo ti ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu, ìbùkún ara rẹ̀ ló dá dúró. Ẹ̀yin ni ẹ tọ́ mi sọ́nà, ẹ̀yin ni ẹ gbé mi sórí àga tí mo jókòó lé. Bí ọmọ bá fi ọwọ́ gbá bàbá rẹ̀ lójú, bàbá kì í gé ọwọ́ ọmọ. Ẹ forí jì mí."

Ẹnu náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àgbà kan fi yọ hánkáṣífù. Wọ́n ní kí ó dìde, ó tán, ó parí. Morẹ́nikẹ́ mí kanlẹ̀. Theophilus dìde, ó ń bọ̀ wá jókòó. Díákónì Ògúntúndé, tí orí rẹ̀ pá kanlẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti mú Bíbélì rẹ̀ tí ó jábọ́. Theophilus dúró. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí náà, ó gbá a pẹ́pẹ́ bí ẹni tí ń yan bàrà lọ́jà.

"Ó mà ń dán o!" ni ó wí.

Ariwo sọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìsọkúsọ ni Theophilus wá sọ níbẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé ó ń da itọ́ sílẹ̀, tí ó ń fa aṣọ ya, wọn ì bá káàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ dára ju èyí tí pásítọ̀ lè bẹ̀ lọ, kò sì tíì tutù lẹ́nu rẹ̀ tí ó fi ṣe èyí. Kí ni àgbà yóò wí sí i ju pé ó ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́? Pásítọ̀ yíjú sí Morẹ́nikẹ́.

"Ìyá Fadékẹ́mi, ẹ sọ òótọ́ fún wa. Ṣé orí rẹ̀ ni kò dá, àbí kí ni?"

Ìbéèrè yìí kì í ṣe kékeré. Fadékẹ́mi, àkọ́bí wọn, tí ó ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ti rí ọkọ. Wándé Ọ̀ṣuntóyìn, akọ̀wé ní Dùgbẹ̀, ọmọ Áńgílíkà tí ilé wọn wà ní Onírèké, ló fẹ́ fẹ́ ẹ. Wọ́n ti wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ó ku ìdána. Láàárín méjèèjì yìí sì ni ìwádìí wà, tí ìdílé ọkọ yóò máa fi ọgbọ́n béèrè lọ́wọ́ ará àdúgbò àti ará ìjọ: ṣé kò sí wèrè níbẹ̀? Ṣé kò sí wárápá? Ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀? Ìdílé tí wọ́n bá rí ọ̀kan níbẹ̀, ọmọbìnrin wọn lè pẹ́ nílé títí irun rẹ̀ yóò fi funfun. Bí Morẹ́nikẹ́ bá ní ọpọlọ ọkọ òun ló bàjẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà tó dé Onírèké, yóò ti di pé wèrè ń bẹ nílé Adégbénró. Ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú, nítorí òun náà ti gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kiri rí nípa ìdílé ẹlòmíràn.

"Ọtí ni, ẹ̀yin bàbá," ni ó wí. "Ó ti ń mu ọtí."

Adéróunmú yí orí wò ó wìì. Theophilus náà wò ó. Kò sọ nǹkan kan.

Ọtí yé gbogbo ènìyàn. Kò sí ẹni tí kò ní ọ̀mùtí lẹ́bí, ọ̀mùtí sì lè jáwọ́. Wọ́n gba oyè díákónì lọ́wọ́ Theophilus, wọ́n fi í sábẹ́ ìbáwí: kò gbọdọ̀ jẹ nínú Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ẹ̀yìn pátápátá ni yóò sì máa jókòó títí yóò fi yí padà. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, á lọ jókòó sẹ́yìn fúnra rẹ̀, á máa kí àwọn tí ó pẹ́ dé ní ohùn rara. Àwọn ọmọ kéékèèké ní Agbowó ń pè é ní Bàbá Ẹlẹ́mu. Àwọn obìnrin a máa wá sí ṣọ́ọ̀bù Morẹ́nikẹ́ wá kí i pé ó kú ìfaradà, wọn a máa kọ́ ọ ní oríṣiríṣi ohun tí wọ́n ń fi sínú ọbẹ̀ ọ̀mùtí tí yóò fi kórìíra ọtí. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Irọ́ náà sì ń dùn ún bí ẹ̀gún tí ó kán sí ẹsẹ̀.

Ohun tí ó jẹ́ kí ó le jù ni pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí ì bá gbà gbọ́. Ó ń rántí ọ̀rọ̀ dókítà, ó sì ń wo ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin tí ó mọ gbogbo orin inú ìwé orin, tí ó mọ ọdún tí wọ́n bí ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí kò gbàgbé ibi tí ìyàwó rẹ̀ ń fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sí, irú àìsàn wo nìyẹn? Ní ọjọ́ mìíràn ó dá a lójú pé àìsàn ni. Ní ọjọ́ mìíràn, ó dá a lójú pé Theophilus ti fi gbogbo ayé rẹ̀ pa ìwà yìí mọ́, pé irin yẹn kàn ṣí ìdérí ìkòkò ni. Èyí ló ń bà á lẹ́rù jù, nítorí bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé kò fẹ́ ọkọ rí, àlejò ló ti ń bá sùn láti ogún ọdún.

Ó dán an wò ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ló kún un, tí ó gbé orí lé ẹ̀rọ ìránṣọ, tí ó ń sunkún. Theophilus wọlé, ó dúró, ó wò ó.

"Ò ń sunkún," ni ó wí, bí ẹni tí ń sọ pé òjò ń rọ̀. "Ṣé ẹ̀bà ti délẹ̀?"

Morẹ́nikẹ́ gbé orí sókè. "Bàbá Fadékẹ́mi, bí ìyàwó ẹni bá ń sunkún, kí ni ó yẹ kí á ṣe?"

"A ó bẹ̀ ẹ́ ni. A ó jókòó tì í, a ó béèrè ohun tó ṣe é."

"Kí ló dé tí ẹ ò bẹ̀ mí?"

Theophilus ronú. Ó ronú gan-an, iwájú orí rẹ̀ ká jọ níbi àpá yẹn. "Mi ò mọ̀," ni ó wí. Ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, kò jókòó tì í, kò sì jáde. Nígbà tí ó yá, ó lọ bu ẹ̀bà fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ẹni tí ó ń ṣe ìwádìí dé. Ìyá Adùnọlá, ẹ̀gbọ́n bàbá Wándé, ni wọ́n rán. Kò ránṣẹ́ ṣáájú, ẹni tí ó bá ń wádìí ilé kì í ránṣẹ́. Obìnrin náà tóbi, ó yára rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kì í sì í rẹ́rìn-ín mọ́ ẹnu rẹ̀. Fadékẹ́mi kò sí nílé. Morẹ́nikẹ́ gbé àga fún un, ó ra mínírà, ó ṣí i síwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ dìde, àna wa," ni Ìyá Adùnọlá wí. "Ẹ jẹ́ kí á tètè sọ èyí tí ó wà nínú wa. A ti gbọ́ nípa bàbá ọmọ wa. Wọ́n ní ọtí. Ẹ má jẹ́ kí ó tì yín lójú rárá. Bàbá tí ó bí èmi gan-an mu ẹmu ṣubú sínú kànga, wọ́n yọ ọ́, ó sì tún mu òmíràn kí aṣọ rẹ̀ tó gbẹ. Ọtí kọ́ ni wọ́n rán mi wá wò. Bí kò bá ṣáà ti sí ti orí níbẹ̀."

"Kò sí, Mà."

"A dúpẹ́."

Ọkàn Morẹ́nikẹ́ balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún kan. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé irọ́ náà kò já sí asán. Ìgbà náà ni Theophilus ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, amọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àlejò, ó béèrè àwọn ará ilé, ó kí wọn kú ìrìn. Bí ó ti dìde, ó gbé mínírà àlejò, ó gbé e mì, ó gbé ìgò náà padà sí ibi tí ó ti mú un.

Ìyá Adùnọlá bú sẹ́rìn-ín. "Àna mi, mínírà lásán nìyẹn o, kì í ṣe èyí tí ẹ fẹ́ràn. Ẹ jọ̀ọ́, nítorí ọmọ wa, ẹ bá wa dín in kù."

"Kí ni?"

"Ọtí ni."

"Bàbá Fadékẹ́mi," ni Morẹ́nikẹ́ yára wí, "ẹ lọ fọ ọwọ́ yín."

Kò lọ. Ó fa àpótí kan, ó jókòó kọjú sí àlejò. "Ẹ̀yin a máa mu ún?"

"Èmi? Ní ọjọ́ ọdún, díẹ̀."

"Báwo ló ṣe máa ń rí lẹ́nu? Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bi ènìyàn. Wọ́n ní mò ń mu ún. Mo wá adùn rẹ̀ lẹ́nu mi títí, mi ò rí i. Ṣé ó ń kan ni, àbí ó ń dùn?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ìyá Adùnọlá. Ó tẹ̀ síwájú, ó fa imú lẹ́nu Theophilus láìbẹ̀rù, bí ẹni tí ń wò ó bóyá ọbẹ̀ ti kan. Lẹ́yìn náà ló wo òkè, ó rí àpá lábẹ́ fìlà.

"Kí ló ṣe yín níbẹ̀ yẹn?"

"Irin ló bọ́ lù mí, ní Bódìjà. Wọ́n là mí lórí." Ó ṣí fìlà kí ó lè rí i dáadáa.

Ìyá Adùnọlá yíjú sí Morẹ́nikẹ́. Ó tẹjú mọ́ ọn. Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀, eléyìí kì í ṣe ti ìkíni. Ó sọ gbogbo rẹ̀: irin, dókítà, ìjánu tí ó já, ẹran ẹ̀gbọ́n, orí Ògúntúndé, àti irọ́ tí ó pa àti ìdí tí ó fi pa á.

"Kí irin tó bà á," ni Ìyá Adùnọlá wí nígbẹ̀yìn, "ṣé ó rí báyìí?"

"Rárá, Mà. Kò sí ẹni tí ó níwà tó o ní gbogbo Agbowó."

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀?"

"Ara wọn dá ṣáṣá."

"Àna wa, bí irin bá gé ọwọ́ bàbá, ṣé ọmọ aláìlọ́wọ́ ni ọmọ rẹ̀ yóò máa bí? Ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ là ń wá. Irin kì í ṣe ẹbí ẹnikẹ́ni." Ó fi ọwọ́ gbọn ìró rẹ̀, ó dìde. Inú ń bí i, kò sì fi pamọ́. "Ohun tí à bá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ ni ẹ lọ fi orúkọ ọkọ yín rà. Ní oṣù tí ń bọ̀, a ó wá ṣe ìdána, òun ni yóò sì gbàdúrà lé ọmọ rẹ̀ lórí. Bí àdúrà náà bá já láàárín, a ó ṣe àmín sí èyí tí a bá gbọ́. Ṣùgbọ́n kí á tó dé, ẹ lọ tú ohun tí ẹ dì."

Morẹ́nikẹ́ sìn ín dé ojú ọ̀nà, ó padà wọlé. Ọmọ rẹ̀ yóò lọ sílé ọkọ, inú rẹ̀ sì yẹ kí ó dùn, ṣùgbọ́n kò dùn. Theophilus ṣì wà lórí àpótí, ó ń họ amọ̀ kúrò ní èékánná. Ohun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ́kàn Morẹ́nikẹ́, tí kò rò rí láti ọdún yẹn wá.

"Bàbá Fadékẹ́mi, kò sí ohun tí ẹnu yín ń pa mọ́ mọ́. Ẹ sọ fún pásítọ̀ pé ó tó. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé ẹnu wọn ń rùn. Lọ́jọ́ tí mo ní ẹ̀ ń mu ọtí, níwájú gbogbo wọn, kí ló dé tí ẹ ò sọ pé irọ́ ni?"

Ó gbé ojú sókè wò ó. Ó pe oríkì rẹ̀, èyí tí kò pè láti ìgbà tí wọ́n ti ti ọsibítù dé.

"Mo wá a, Àmọ̀kẹ́. Mo wá ọtí náà nínú orí mi, mi ò rí i. Ṣùgbọ́n orí mi ló bàjẹ́, ìwọ kì í sì í purọ́. Mo ní bí o bá ti sọ pé mo mu ún, a jẹ́ pé mo mu ún nìyẹn."

Morẹ́nikẹ́ di àga mú.

"Ṣé mi ò mu ún ni?" ni Theophilus béèrè.

"Ẹ ò mu ún."

"Ó dáa," ni ó wí. "Mo ti ń rò ó."

Morẹ́nikẹ́ kò dúró wo dígí. Ó wé gèlè bí ó ti bá ọwọ́ rẹ̀ mu, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó gba ọ̀nà ilé pásítọ̀ lọ nínú oòrùn ọ̀sán. Theophilus tẹ̀lé e, kò sí ẹni tí ó pè é. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé lọ́nà ló ń dá dúró, àti olùtajà, àti ọmọ iléèwé, àti ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́, ó ń sọ fún wọn ní ohùn rara pé, "Ìyàwó mi ní mi ò mu ún o! Ó ní mi ò mu ún!" Ìyàwó rẹ̀ ń lọ níwájú, kò sì ní kí ó dákẹ́.